Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ọkọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn lóru, ènìyàn ni í jẹ́ ojú rẹ̀. Ní oko wa níhà Ìdànrè, àbúrò mi ọkùnrin ni ènìyàn yẹn. Yóò bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn Land Rover, yóò gbé láńtánì sókè ju orí rẹ̀ lọ, yóò máa ké pé, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá! Ẹ máa bọ̀! Ẹ kán an sọ́tùn-ún! Ẹ tún un! Ó tó!" Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi máa gbá ara ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúró níbẹ̀. Bàbá wa kì í wẹ̀yìn rárá. Wọ́n á kàn tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n á sì máa tẹ̀lé ohùn ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Mo ti di rewáyà láti ìgbà náà. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mi ò lè ka iye iná ẹ̀yìn tí mo ti so mọ́ jíìpù, mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti mọ́ katakata. Síbẹ̀, títí dòní, bí mo bá ti rí ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ lóru, ohùn yẹn ni etí mi kọ́kọ́ máa ń wá.

Gbàǹjo ni Bàbá ti ra ọkọ̀ náà ní 1974, nígbà tí Ìdànrè ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Series IIA ni, èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní 109. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, nítorí pé ó ti wọ̀lú ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Ẹ̀bá igbó ni awakọ̀ wọn máa ń jókòó sí, kì í rí àárín ọ̀nà dáadáa. Lọ́sàn-án, ẹni tó jókòó sí òsì ló ń bá a wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Lóru, ẹnì kan ní láti sọ̀ kalẹ̀.

Ara ọkọ̀ náà kì í ṣe irin, álúmínọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler, irin di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ Rover fi mú álúmínọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n ṣe Land Rover àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbé síta níbi ìpàtẹ ọkọ̀ nílùú Amsterdam ní oṣù kẹrin 1948. Àwa ọmọ oko ò mọ ìtàn yìí. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí ọwọ́ bá gbá a, á dún gbàmù bí agbè òfìfo, á sì dé etí ẹni tó wà nídìí igi kòkó kẹwàá.

Ọ̀nà oko wa ò ní ibi tí ọkọ̀ ti lè yí padà. Ó gba àárín igi kòkó kọjá, ó sọdá odò kékeré kan lórí pákó, ó sì kú sí iwájú abà. Bí a bá ti di ẹrù tán, ẹ̀yìn ni a ó fi rìn títí a ó fi rékọjá pákó náà tí a ó sì bọ́ sí gbangba. Láti oṣù kẹwàá tí ìkórè kòkó ti ń gbóná, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí a kúrò lóko kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òru kan ní ọdún 1975, àpò mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àpò mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ẹrù náà ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Kòkó tó gbẹ ni, èyí tí Ìyá wa ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a. Òjò ń rọ̀. Omi ta sí gíláàsì láńtánì tó ti gbóná, gíláàsì là, iná kú. Àbúrò mi ké pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n òjò ń lu òrùlé ọkọ̀, Bàbá ò gbọ́. Ó gbá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá rò pé òjò ni. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ kúrò lórí pákó, ọkọ̀ sì jókòó sínú odò. Àbúrò mi ti fò sínú igbó. Díẹ̀ ló kù kí táyà gun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àpò mẹ́rin bọ́ sómi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá ò sọ gbólóhùn kan nípa kòkó. Wọ́n gbé ọmọ náà lé èjìká, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ títí a fi dé abà. Nígbà tí wọ́n yọ ọkọ̀ náà tán lọ́jọ́ kẹta, Àkúrẹ́ ni wọ́n gbà lọ tààrà, èmi sì bá wọn lọ.

Abẹ́ igi ọdán ni ìsọ̀ Ọ̀gá Rewáyà wà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Àpótí igi kan tó kún fún wáyà, púláyà méjì, irin tí wọ́n fi ń jó òjé tó ń gbóná lórí èédú, àti tẹ́sítà tí wọ́n fúnra wọn fi gílóòbù kékeré kan ṣe: gbogbo ohun tí wọ́n ní nìyẹn. Bàbá ti ra iná ńlá méjì láti Ìbàdàn, 55 wáàtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó wọn síwájú Ọ̀gá tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá wò wọ́n, wọ́n sì rọra tì wọ́n padà sí Bàbá.

Mo rántí àlàyé wọn bí ẹni pé àná ni. Wọ́n ní dínámò Lucas tó wà lára ọkọ̀ yẹn, bí ẹ́ńjìnnì bá sáré dáadáa, ámpù 22 ni agbára rẹ̀ mọ. Ta ní ń fi ẹ̀yìn sáré? Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á rọlẹ̀ gan-an, dínámò ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá. Iná ńlá méjì yẹn á sì máa jẹ ju ámpù mẹ́sàn-án lọ lára bátìrì, yàtọ̀ sí iná iwájú àti ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì nínú òjò. "Ẹ ó ríran lálẹ́," ni wọ́n wí fún Bàbá, "ọkọ̀ ò sì ní jí láàárọ̀." Gílóòbù 21 wáàtì ni wọ́n fẹ́ lò, irú èyí tó wà nínú iná bíréèkì, tí kì í jẹ tó ámpù méjì.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà kankan, wọ́n ṣí bátìrì wò, wọ́n béèrè èwo nínú orí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, orí pósítíìfù ni wọ́n máa ń so mọ́ ara irin, kì í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù bíi tòní. Tiwa rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mú ẹfun, wọ́n fi ya àmì ìròpọ̀ gbàràgàdà sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹni tó bá máa ṣí i lẹ́yìn àwọn ní láti mọ̀. Mi ò tíì rí rewáyà tó ń ro ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sán kan gbáko. Jíà ọkọ̀ wa ò ní súwíìṣì tó lè mọ̀ pé a ti ju ú sí ẹ̀yìn. Ọ̀gá wá súwíìṣì iná bíréèkì kan, wọ́n tẹ irin pẹlẹbẹ kan fún un, wọ́n sì dè é mọ́ ẹ̀bá ọ̀pá jíà lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí ọ̀pá náà bá ti lọ síbi ìfàsẹ́yìn, á tẹ ojú súwíìṣì náà wọlé. Wáyà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fà wá láti inú fíúsì, nítorí pé àwọ̀ ewé ni Lucas fi ń sàmì sí ohun tó ń jí bí a bá tan kọ́kọ́rọ́. Láti súwíìṣì lọ sẹ́yìn, wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà búráùn lára ni wọ́n lò. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi lo èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọ̀ ewé oníbúráùn ni ti iná ẹ̀yìn, àti pé rewáyà tó wà ní Sókótó ní láti rí i kó mọ̀ ọ́n. Funfun ni ti kọ́kọ́rọ́, búlúù ni ti iná ńlá iwájú, pupa ni ti iná kékeré, búráùn ló ń ti orí bátìrì bọ̀, dúdú ló ń padà sílé. Èdè kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì kọ́ ọ ní ọ̀sán kan.

Ibi tí wọ́n pẹ́ sí jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré kọjá. Álúmínọ́ọ̀mù àti irin kì í gbé pọ̀ nírọ̀rùn nínú omi. Bí wọ́n bá fara kan ara wọn, ìpẹtà funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí rewáyà bá fi síkúrù iná mọ́ páńẹ́lì tó sì gbà pé ó ti parí, láàárín òjò ọdún kan iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọ̀gá fa wáyà dúdú láti ìdí iná wọ inú ṣáàsì lọ, wọ́n fi fáìlì ha ojú irin títí ó fi dán bí owó tuntun, wọ́n de wáyà mọ́ ọn pẹ̀lú bóòtù, wọ́n sì fi gíríìsì bò ó. Èmi ni mo di gíríìsì náà mú fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá wọ́n lè fi mí sílẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ilẹ̀ ṣú kí a tó padà dé oko. Bàbá ju jíà sí ẹ̀yìn. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan jí níbi tí òkùnkùn ti máa ń wà, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ojú látinú oorun, ó sì yára di ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin. Kò tàn jìnnà. Bóyá ó dé ibi tí ẹni mẹ́ta lè dọ̀bálẹ̀ sí tẹ̀léra. Àbúrò mi ti bẹ́ sílẹ̀ ná, láńtánì tuntun lọ́wọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bàbá bojú wẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóru. Wọ́n rí ọmọ náà tó dúró sínú iná, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ láìwọ bàtà nínú ẹrẹ̀, gan-an níbi tí táyà máa gbà. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ní kó máa dúró sí, níbi tí dígí ti lè mú un.

Iná ẹyọ kan yẹn ṣiṣẹ́ títí ọkọ̀ náà fi kú. Gílóòbù rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mélòó kan, mo sì ń fúnra mi pààrọ̀ rẹ̀. Kòkòrò máa ń wọ inú gíláàsì rẹ̀ lásìkò òjò, a ó sì ṣí i gbá bí ẹni gbá yàrá.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi gbé Hilux rẹ̀ wá bá mi. Òun ló ń bójú tó oko náà báyìí. Ọ̀nà oko ti fẹ̀ díẹ̀, afárá kọnkéré ti rọ́pò pákó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a ṣì fi ń jáde. Ó ti ra iná LED méjì tó le bí òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan nígboro. Onítọ̀hún gé wáyà iná ìfàsẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ́ wáyà iná tuntun mọ́ ọn, ó fi téèpù wé e, ó sì gba owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni omi wọ ojú ibẹ̀, wáyà méjì kanra, fíúsì já. Iná ìfàsẹ́yìn tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ kú pẹ̀lú ti tuntun.

"Bàbá," ó wí fún mi, "wọ́n ní LED kì í jẹ iná, pé kò nílò nǹkan kan mọ́."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó léwu. Iná méjì tó gbé wá, 18 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì pọ̀ ò ju ámpù mẹ́ta lọ, wọ́n sì ń tan gbogbo àyíká bí ojúmọ́. Látìgbà tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ti rí ọ̀nà ṣe LED aláwọ̀ búlúù tó lágbára, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2014, ìmọ́lẹ̀ funfun ti di ohun tí owó rẹ̀ ò pọ̀. Bí mo bá ronú nípa ámpù 22 tí Ọ̀gá ń pín bí oúnjẹ ìyàn, tí mo sì rí ọ́tánétọ̀ òde òní tó ń mú ju 80 lọ wá, inú mi máa ń dùn fún àwọn ọmọ wa. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sídìí láńtánì.

Ṣùgbọ́n gílóòbù Ọ̀gá ò bìkítà nípa ibi tí iná bá gbà wọlé. Ẹ yí wáyà rẹ̀ padà, á tàn. LED ò rí bẹ́ẹ̀: bí pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù bá pààrọ̀ ara wọn, kò ní tàn rárá, òmíràn á sì bàjẹ́. Lára Land Rover wa pẹ̀lú pósítíìfù tó so mọ́ ara rẹ̀, ẹni tí ò bá mọ ohun tí àmì ẹfun yẹn ń sọ á rò pé iná tí òun rà ti kú láti ṣọ́ọ̀bù. Bí wáyà bá sì ti já sára irin, kò sí LED tí í gbani, torí pé bátìrì ni yóò tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde, kì í ṣe iná.

Mo tú gbogbo ohun tí wọ́n lọ́ pọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rílè ni mo kọ́kọ́ mú, àpótí kékeré onígun mẹ́rin tí nọ́ńbà wà nídìí rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi jókòó sórí táyà, mo sì ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Rílè dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Iná ìfàsẹ́yìn ọkọ̀ kàn máa sọ fún un pé, "Ó ti yá," òun ni yóò lọ ṣílẹ̀kùn fún agbára tó ń ti orí bátìrì bọ̀. Wáyà tín-ínrín láti ara iná ìfàsẹ́yìn á wọ 86, 85 á lọ sára irin ọkọ̀. Wáyà nínípọn láti bátìrì á wọ 30, 87 á gbé e lọ sí iná tuntun. Ohun tí rílè yóò bù lára wáyà ilé-iṣẹ́ ò tó ìdá márùn-ún ámpù kan, kò sì sí ohun tó máa jó.

Fíúsì wá. Ibi tí mo fi sí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fojú sí. Ẹ̀bá bátìrì gan-an ló gbọ́dọ̀ wà, kí wáyà tó rìn jìnnà, nítorí pé gbogbo ibi tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì ò ní olùṣọ́. Mo ti rí jíìpù tó jóná ráúráú nítorí pé fíúsì rẹ̀ wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wáyà sì fara kan irin gbígbóná nítòsí ẹ́ńjìnnì. Fíúsì náà ò já. Kò sí ohun tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Fún iná ámpù mẹ́ta, fíúsì márùn-ún tàbí méje-àbọ̀ tó. Ẹni tó bá ṣì ń lo halogen 55 wáàtì méjì á nílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti wáyà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà bá máa gba inú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí etí ihò náà.

Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí n fi súwíìṣì kan sí iwájú tí á lè fi tan iná náà nígbàkúùgbà, kódà bí ọkọ̀ ò bá fẹ̀yìn rìn. Ó wúlò lóko tí a bá ń di ẹrù, mo sì ṣe é fún un, ṣùgbọ́n mo fi gílóòbù pupa kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì náà kó má baà gbàgbé rẹ̀ sí títàn. Iná funfun lẹ́yìn ọkọ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lójú pópó níbi gbogbo lágbàáyé: ọkọ̀ yìí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń tàn án lọ sí Àkúrẹ́ ń purọ́ fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gba ojú lọ́wọ́ wọn.

Ó gba ìdajì wákàtí kí n tó mọ èwo ni wáyà ìfàsẹ́yìn lára ọkọ̀ náà, nítorí pé àwọ̀ wáyà ilé-iṣẹ́ kan ò bá ti èkejì mu mọ́. Ìyẹn ṣì rọrùn. Láti 1986 tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti gbé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní CAN síta, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti wà tí kì í fi wáyà kan ṣe iṣẹ́ kan mọ́. Wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra wọn ni kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi inú ọkọ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òmíràn wà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wọn iye iná tí gílóòbù ẹ̀yìn ń jẹ. Ẹ so nǹkan mìíràn mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kó pa ibẹ̀ pátápátá. Tẹ́sítà onígílóòbù tí mo jogún, n kì í mú un sún mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ nìyí. Rewáyà tó gé wáyà ọmọ àbúrò mi kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe olè. Kò rí ẹni tó jókòó tì í ní ọ̀sán kan gbáko láti máa ha ojú irin. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lábẹ́ Ọ̀gá kí n tó gba òmìnira, ọdún àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti gíríìsì, gbígbá ìsọ̀ àti dídárúkọ àwọ̀ wáyà. Lónìí, ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí ti fẹ́ máa gbowó lóṣù kẹfà, fídíò orí fóònù ló sì ń kọ́ ọ ní ìyókù. Fídíò lè fi ibi tí nọ́ńbà 87 wà hàn án. Kò lè gba púláyà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ ṣìṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo parí iṣẹ́ náà, a gbé Hilux náà lọ sóko. Àbúrò mi wà pẹ̀lú wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, orúnkún sì ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ju jíà sí ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ bú jáde lójijì, funfun báláú, láìsí pé ó kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo rí ewé kòkó kọ̀ọ̀kan, mo rí ẹ̀gbẹ́ afárá méjèèjì, mo rí omi tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, kámẹ́rà gbé gbogbo rẹ̀ sójú dígí kékeré kan. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di òfin láti oṣù karùn-ún 2018 pé gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní láti ní irú kámẹ́rà yìí, púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọ̀lú wa sì ń gbé e bọ̀. Ohun rere ni. Láyé tiwa, irú rẹ̀ ì bá ti gba ẹsẹ̀ ọmọ púpọ̀ là.

Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí a tó fẹ̀yìn rìn ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀, táyà ti ta ẹrẹ̀ sójú kámẹ́rà, ohun tí a ń rí lójú dígí sì di pupa bí iyẹ̀pẹ̀. Ọkùrukùru sì ń dìde lójú odò. Iná funfun tó le bẹ́ẹ̀ kì í gún ìkùukùu. Ara ìkùukùu ló ń tàn sí, á wá dà bí aṣọ àlà tí wọ́n ta síwájú ẹni. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin àtijọ́ ò lágbára tó láti fọ́ wa lójú bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ̀rọ̀, àbúrò mi ti ṣílẹ̀kùn, ó ti rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí Bàbá ní kó máa dúró sí láti 1975. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí. Ọmọ rẹ̀ ò gbọ́. Gíláàsì wà lókè, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, rédíò ń kọrin, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń dún pípì-pípì nítorí koríko. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè, ó gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irin òde òní ò dún bíi ti álúmínọ́ọ̀mù wa, ó kàn dún púkẹ́. Ọmọ náà ṣì ń bọ̀. Èmi ni mo ké pé kó dúró. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ wò, táyà ẹ̀yìn kù díẹ̀ kó bọ́ lára kọnkéré, níbi tí àgbàrá ti jẹ etí afárá lọ.

Ọmọ náà yí gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó pa rédíò. Àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ láti orí: "Máa bọ̀. Máa bọ̀. Kán an sọ́tùn-ún. Tún un. Ó tó." Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò yí padà níbẹ̀, ọkọ̀ sì jáde sí gbangba láìfarapa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní jíìpù, tí ẹ ń fi ẹ̀yìn jáde lóko lóru, ẹ so iná yín. Ẹ fi rílè sí i, ẹ fi fíúsì sí ẹ̀bá bátìrì, ẹ wá kámẹ́rà sí ọkọ̀ bí agbára bá gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí dígí ti lè mú un, kí ẹ sì yí gíláàsì yín sílẹ̀.